Sísì Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ọkọ Mi Níwájú Orí

Èmi ni mo kọ́kọ́ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn tí yóò dá lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, èmi Bushrat, aránṣọ ní Enugu Road ní Kano, ni mo dá a, ojúmọmọ ni mo sì dá a, níṣojú òyìnbó àti ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi ná, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Mùnírù lorúkọ ọkọ mi. N kì í pè é lórúkọ nínú ilé. Bàbá Nurat ni mò ń pè é, “ẹ” ni mo sì máa ń sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n máa fi “wọ́n” sọ ìtàn yìí, ẹ ò ní mọ ìgbà tí mò ń sọ ti ọkọ mi àti ìgbà tí mò ń sọ ti àwọn òyìnbó, mi ò sì fẹ́ kí ẹ da wọ́n pọ̀ rárá. Nítorí náà, kó forí jì mí, Mùnírù ni mo máa pè é.

Kano ni wọ́n bí i sí. Ọ̀ffà ni bàbá rẹ̀ ti bá réluwéè wá, ìdí ẹ́ńjìnnì ló sì wà títí tó fi kú, torí náà inú Kọ́tàsì Réluwéè ni Mùnírù gbà dàgbà. Nígbà tó wà nílé ìwé, ó máa ń lọ ṣa bọ́ọ̀lù tẹníìsì fún àwọn òyìnbó ní kílọ́ọ̀bù wọn. Wọn kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ojú ló fi jí i kọ́. Rákẹ́ẹ̀tì tó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló fi ìbínú là á mọ́lẹ̀ tó sì sọ ọ́ nù. Ó fi wáyà di ọrùn rẹ̀, ó fi okùn ìpẹja hun ojú rẹ̀, ó wá ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní réluwéè, láràárọ̀, lálaalẹ́, títí àwọn ará Kọ́tàsì fi ń bi ara wọn bóyá nǹkan ń ṣe ọmọ náà.

Nígbà tó di akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, kò jáwọ́. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ṣòkòtò péńpé funfun ló kàn, ó di pápá kan ṣoṣo tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ní. Bó ṣe wọ ọ́ náà nìyẹn lọ́jọ́ tó wá rí bàbá mi nítorí mi, torí ó ti pẹ́, kò sì ráyè pààrọ̀ aṣọ. Bàbá mi, Alhaji Rájí, wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó rí ohun tí wọn kì í dárúkọ.

“Bọ́ọ̀lù yìí,” bàbá mi bi í, “ṣé wọ́n ń san nǹkan fún ẹ lórí ẹ̀?”

“Rárá o, Bàbá. Eré ni.”

“Eré.” Bàbá mi kọjú sí mi. “Ọkùnrin níṣẹ́ réluwéè, ó tún wá ń làágùn lọ́fẹ̀ẹ́. Allah ya kiyaye, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa.”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ọdún mẹ́sàn-án gbáko lẹ́yìn ìgbà tí mo fẹ́ ẹ ni ọkọ mi fi làágùn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú mi. Èmi ni mò ń rán ṣòkòtò funfun yẹn. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, mo sì mọ bí ilẹ̀ pupa Kano ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí òógùn ti rin. Ẹnìkan wà ní Gwagwarwa tó ń fi táyà ọkọ̀ ṣe ìdí bàtà rẹ̀, nítorí pé oṣù méjì péré ni ìdí bàtà fi ń tọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìdíje, kì í jẹ tuwo mi. Ó ní ó ń wúwo nínú òun. Mo máa ń bínú sí i, torí tuwo tí mò ń rò kì í wúwo. Kọ́bọ̀ kan kò wọlé láti ibẹ̀ rí. A kò sì retí rẹ̀, torí bí ẹni tó mọ kéwú ṣe ń ké e, bẹ́ẹ̀ ni Mùnírù ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù: inú rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá gbá a.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé yìí lẹ́yìn èmi àti Nurat, ọmọ wa. Ó fẹ́ lọ sí Èkó, níbi tí gbogbo àwọn tó mọ tẹníìsì gbá ní Nàìjíríà ti ń pàdé lọ́dọọdún, kó dán ara rẹ̀ wò níwájú wọn. Ọdún dé, ọdún lọ, òyìnbó nìkan ni ìgbìmọ̀ tẹníìsì Kano ń rán lọ. Àfìgbà tó di ọdún 1952 tí wọ́n ní àwọn ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ẹni yòówù tó bá gba ife Kano, àwọ̀ rẹ̀ ì báà ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò, òun ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó.

Mùnírù na òyìnbó mẹ́ta tẹ̀léra. Ẹnì kẹrin tó kù ni Mísítà Háláàmù, ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ra ẹ̀pà. Ilé iṣẹ́ yìí ló ra rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún un. Dírẹ́bà ilé iṣẹ́ ló ń gbé e wá sí pápá. Ilé iṣẹ́ ló yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ méjì fún un kó lè múra, owó oṣù rẹ̀ kò sì dín. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè rántí rẹ̀ tó bá yá.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú ọyẹ́. Gbogbo Sabon Gari ló tú dé pápá. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Richard náà wá. Richard yìí ni ọ̀rẹ́ Mùnírù, akọ̀wé réluwéè bíi tirẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ gẹ̀ẹ́sì tí òyìnbó fi ń wá ìtumọ̀ kiri. Òun ló ti kìlọ̀ fún wa sílẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, no shouting. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lójú afẹ́fẹ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o. Wọ́n á ní bush people ni wá.” A sì pa ẹnu mọ́. Ẹ fojú inú wo Yorùbá tó tó igba, tí wọn ò sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ìyá Mojí, tí gbogbo Enugu Road mọ̀ sí ẹlẹ́nu, tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dí ẹnu.

Háláàmù ló mú ìpele àkọ́kọ́. Mùnírù mú ìkejì. Nínú ìkẹta, òyìnbó náà pupa bí ata, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọkọ mi náà ń làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ìgbà tó yá, Háláàmù gbá ọ̀kan sí apá òsì, ó jìnnà gan-an, mo sì rò pé ó ti bọ́ nìyẹn. Mùnírù sáré bá a, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ dá a padà. Bọ́ọ̀lù náà bà lórí ìlà, ẹfun fò sókè. Nurat, ọmọ ọdún márùn-ún tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Hausa ló fi ń dáhùn, ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti parí. Ó fò dìde ní ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Baba ya ci,” pé bàbá òun ti borí.

Ẹ sọ fún mi, nígbà tí inú ọmọ Yorùbá bá dùn sí ènìyàn, kí ni í ṣe? Mo tú etí ìró mi, mo mú sísì kan, owó onírin tó jẹ́ ìdajì ṣílè, jáde, mo sáré wọ pápá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ mi níwájú orí. Iwájú rẹ̀ rin gbindin fún òógùn. Sísì náà mọ́ ọn pinpin, kò mì. Ìyá Mojí tẹ̀ lé mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ̀ lé e, àwọn bàbá mọ́ṣáláṣí, àní bàbá mi pàápàá tó ní ó ń làágùn lọ́fẹ̀ẹ́. Mùnírù dúró sáàárín wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ojú rẹ̀ pọ̀ kí owó má baà bọ́ sí i lójú. Dìran, ayàwòrán, ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Enugu Road fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò yé. Owó tí a bá lẹ̀ mọ́ ènìyàn níwájú orí kì í ṣe owó iṣẹ́. Orí rẹ̀ là ń kí. À ń sọ fún orí náà pé ó ṣe é, a rí i, kó má dẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé òógùn ọkọ mi la fẹ́ san owó fún ni, sísì kọ́ là bá mú wá.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Ajé, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin máa gbé Mùnírù lọ sí Èkó. Mo ti rán ṣòkòtò tuntun méjì sílẹ̀. Richard ló ka lẹ́tà náà fún wa nínú pálọ̀. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó wá fìdí lélẹ̀.

“Wọ́n ní o gbowó lórí pápá, níwájú èrò,” ó sọ fún Mùnírù. “Wọ́n ti rí fọ́tò. Wọ́n ní oríṣi ènìyàn méjì ló ń gbá tẹníìsì, ẹni tó ń gbá a ṣeré àti ẹni tó ń gbá a jẹun. Ẹni tó bá ti gba kọ́bọ̀ kan nídìí ẹ̀, ajẹun ni. Kò gbọdọ̀ bá àwọn aṣeré díje mọ́.”

“Títí ìgbà wo?” Mùnírù bi í.

“For life.”

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé Richard ń ṣe àpárá. Mo ní, “Owó wo ni wọ́n ní Bàbá Nurat gbà?”

“Sísì yín ni, Ìyá Nurat.”

Richard ní ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀: bí Mùnírù bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó kọ ọ́ wá kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mùnírù kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “A máa kọ ọ́. A máa ṣàlàyé fún wọn pé ìkíni ni. Òyìnbó náà ń kí ènìyàn.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó ti ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti ti ọjọ́ kejì, wọ́n ń kọ, wọ́n ń pa á rẹ́. Mùnírù kò fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́.

Èmi kò ní sùúrù. Ká sọ òótọ́, àìsàn tó ń ṣe mí láti kékeré nìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ò le: bó bá jẹ́ owó ló ba nǹkan jẹ́, ká dá owó padà, kí nǹkan sì tún ṣe. Owó náà wà níbẹ̀. N kò ná an. Owó iwájú orí kì í ṣe owó ọbẹ̀, inú agolo mílíìkì ni mo kó o sí lókè àpótí. Àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí Mùnírù ti lọ síbi iṣẹ́, mo wọ aṣọ Iléyá mi, mo gbé agolo, mo gba ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé yìí, òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Hausa ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó dìde fún mi. Ó kí mi pé, “Sannu, uwargida,” bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ilé, ó fún mi ní àga. Ó bi mí nípa ilé, nípa ọmọ, nípa ọyẹ́. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ ní Hausa, ara mi balẹ̀, mo rò pé ènìyàn gidi ni mo bá pàdé. Mo gbé agolo lé orí tábìlì rẹ̀.

“Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ mi níwájú nìyí,” mo wí. “A kò mú nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. A dá a padà. Ẹ jẹ́ kó lọ sí Èkó.”

Ó wo inú agolo, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bi mí pé, “Bí kì í bá ṣe owó eré, kí ló dé tí ẹ fi ń dá a padà?”

Ní Enugu Road, kò sí oníbàárà tí ó bá mi jiyàn rí tó lọ láìsan owó ìránṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo rí sọ fún òyìnbó yẹn. Mo ní, “Ìkíni ni.”

“Ṣé ẹ máa ń dá ìkíni padà?” ó bi mí.

Inú wá bí mi. Mo ní, “Mísítà Háláàmù ńkọ́? Ta ló ra rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Ta ló ń san owó oṣù fún un lọ́sẹ̀ méjì tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀? Ọkọ mi gba sísì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ajẹun ni. Ti Háláàmù wá jẹ́ kí ni?”

Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní owó iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe owó eré. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kan pé mo wá dá owó eré padà, ó dé agolo, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wá dìde, ó ní “Na gode,” ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé mo jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Títí dòní, inú ń bí mi sí ọpẹ́ yẹn ju lẹ́tà lọ. Òótọ́ mi ló fi de ọkọ mi, ó tún wá dúpẹ́ okùn lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Mùnírù dé, lẹ́tà tirẹ̀ àti ti Richard ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti dà á kọ, ó mọ́ tónítóní. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Mo rò pé ó máa pariwo. Ó mú lẹ́tà náà, ó pa á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pa pọ̀, ó sì fi í sápò.

“Bushrat,” ó ní. Kò pè mí ní orúkọ yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Nurat lórúkọ. “O ò ṣe bi mí?”

“Ẹ bá mi wí,” mo wí. “Ẹ bínú sí mi.”

Kò bínú. Ó lọ ṣe àlùwàlá. Ìbá dára kó ti gbá mi létí ju bó ṣe rọra da omi sẹ́sẹ̀ yẹn lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mísítà Háláàmù ló wọ ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ ọkọ mi ni láti wọn ẹrù, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yẹn sórí ìwọ̀n, tó kọ bó ṣe wúwo tó, tó sì gé ìwé rẹ̀ fún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Háláàmù gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó ni wọ́n nà án bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn, n kò sì tọrọ àforíjì.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Kò ju oṣù méjì lọ, lẹ́tà mìíràn dé, ti kílọ́ọ̀bù òyìnbó, ibi tó ti ṣa bọ́ọ̀lù ní kékeré. Wọ́n ní níwọ̀n bó ti di ajẹun báyìí, kò sí ohun tó ní kó má wá máa kọ́ àwọn ní tẹníìsì nírọ̀lẹ́. Wọ́n á máa san owó fún un lóṣooṣù. Mo ní kó fi lẹ́tà náà dáná. Mo ní àwọn tó fi ẹ̀sùn jíjẹ kàn án ló tún ń pè é wá jẹun yìí. Mo sọ̀rọ̀ débi pé Nurat di etí.

“Níbo ni mo tún ti máa gbá a?” Mùnírù ní. “Àwọn ará réluwéè ń bẹ̀rù láti bá mi gbá a. Wọ́n ní bóyá ìgbìmọ̀ á ka àwọn náà mọ́ mi. Tí mi ò bá gbá a lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé mi ò ní gbá a mọ́.”

Ẹnu mi tí ń sọ̀rọ̀ yìí náà ló sì kó o sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lọ́jọ́ kan mo mú Nurat dání, mo lọ dúró lẹ́yìn ọgbà wọn, mo sì yọjú láàárín ewé. Mo rí ọkọ mi tó dúró sójú kan. Háláàmù ló wà níwájú rẹ̀. Mùnírù ń rọra ju bọ́ọ̀lù sí i, Háláàmù ń gbá a, Mùnírù ń rọra dá a padà síbi tí ọwọ́ òyìnbó náà wà gan-an, kó má baà sáré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì í, tó gbá ọ̀kan lọ sí ìgun, bíi tọjọ́sí. Háláàmù gbé ọwọ́ sókè, ó ní rárá, rárá, kó máa gbé e wá síbi tí òun wà. Nurat ní, “Mama, mu tafi gida.” A sì lọ sílé.

Nígbà tí oṣù pé, Mùnírù dé kí wọ́n tó pe ìrun Magrib. Ó kó owó tí wọ́n fún un sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ṣòkòtò funfun rẹ̀ mọ́ bí mo ṣe lọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ó ṣa sísì kan jáde nínú owó náà, ó sì nà án sí mi.

“Lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi,” ó ní.

“Mi ò lẹ nǹkan kan.”

“Wọ́n ní mo ń gbá a jẹun, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí. Ìyá Nurat, lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi.”

Mo gba sísì náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Ó jábọ́. Mo mú un nílẹ̀, mo tún un lẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí etí rẹ̀ fi fi àmì roboto sí iwájú orí ọkọ mi. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ó tún jábọ́, ó yí wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Iwájú orí rẹ̀ gbẹ. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án làágùn lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń gbowó báyìí, kò sì làágùn mọ́.